Ọ̀nà Oko Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó jẹ́ akọ̀ròyìn, sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa ní Ibido, Ṣágámù. Bó ṣe sọ ọ́ la ṣe tẹ̀ ẹ́.)

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọkàn sí ìkíni kejì yẹn, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Akọ̀wé wa ló pè mí lórí fóònù pé kí n wá sọ̀rọ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Mo bi í pé lórí kí ni. Ó ní ohunkóhun tó bá wù mí, pé ṣebí akọ̀ròyìn ni mí, akọ̀ròyìn kì í sì í wá ọ̀rọ̀ tì. Ó tún wá rọra fi kún un pé kí n jọ̀wọ́ má mú òṣèlú wọ̀ ọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere o, bàsíkùlù tí à ń fi ẹsẹ̀ wà, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá. (Ẹ̀rín.) Ẹ máa rẹ́rìn-ín, a ṣì máa débẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n rán àwọn àbúrò wa létí pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò ní Rẹ́mọ. Bàbá bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ Raleigh kan kó obì gbàǹja láti oko wá sí Sábó. Agbọ̀n méjì lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú. Á máa tì í níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, á gùn ún níbi tó bá ti tẹ́. Bàbá mi sọ fún mi pé àwọn Hausa tó ń ra obì ní Sábó mọ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Olùkọ́ ń gun kẹ̀kẹ́, wolé-wolé ń gùn ún, ajíhìnrere ń gùn ún, adẹ́mu náà ń gùn ún tòun ti kèrègbè tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ nígbà yẹn kì í wá ìyàwó tì.

Kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà yìí ni bàbá mi jogún, òun náà ni mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn wá sí ilé-ìwé láti JSS3. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì á rántí rẹ̀. Ó dúdú, ó ga, ó wúwo bí ọkọ̀, mo sì ní láti dúró lórí òkúta kí n tó lè gùn ún. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ ní Mọ́lúè. (Ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́.) Ẹ ṣé. Mọ́lúè ṣì wà láyé.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Innsbruck, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Austria. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ṣètò fún àwa akọ̀ròyìn láti orílẹ̀-èdè mélòó kan. N kò ní fi ọ̀rọ̀ físà dá yín lágara, ẹ̀yin tí ẹ ti tò sórí ìlà rí mọ̀ ọ́n. Àárín àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Alps ni ìlú náà wà. Òkè Ìdànrè ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn ń mú lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀hún, mo gbójú sókè, orí àwọn òkè kan ṣì funfun báláú fún yìnyín. Nínú oṣù kẹfà!

Nígbà tí Sátidé dé, wọ́n ní ká lọ sinmi. Ìyá kan tó ń kọ́ wa ní fọ́tò yíyà wá bi mí pé ṣé mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Mo ní mo mọ̀ ọ́n gùn. N kò sọ fún un pé ó ti di ọdún 16 tí mo ti gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn, n kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n wọ rélùwéè lọ sí àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Pustertal, kí n yá kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, kí n máa bá odò lọ.

Mo lọ. Rélùwéè gba abẹ́ òkè, ó gba ẹ̀gbẹ́ òkè, ó wọ orílẹ̀-èdè Italy. Ibi tí mo sọ̀ sí ń jẹ́ Innichen. Italy ni, ṣùgbọ́n èdè Jámánì ni gbogbo ẹnu ń sọ, torí ara ilẹ̀ Austria ni kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó parí tí wọ́n wá fà á lé Italy lọ́wọ́. Ó rán mi létí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń fi Yorùbá kí ara wọn láàárọ̀, tí ìwé ìjọba wọn sì jẹ́ Faransé. Mo tún kà á pé ọdún 1871 ni ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i, torí ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an, 1872, ni àwọn baba wa láti Ibido, Mákun, Òfin àtàwọn ìlú yòókù, mẹ́tàlá lápapọ̀, kó ara wọn jọ sí Ṣágámù kí ogun má baà máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà tí mo ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀ láti Toblach, ìlú tó ṣáájú Innichen, ó sì lọ sí Lienz ní Austria. Ó tó kìlómítà 45. Toblach ga ju mítà 1,200 lọ sókè òkun, Lienz kò sì tó 700, ìyẹn ni pé ọ̀nà ń rọra sọ̀ kalẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún kò fi bẹ́ẹ̀ lo ẹsẹ̀. Ó kàn máa jókòó, kó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kó máa wo ayé. Nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀, á gbé kẹ̀kẹ́ wọ rélùwéè padà sókè. Ta ló sọ pé òyìnbó kò mọ fàájì?

Títì kékeré ni ọ̀nà náà, kò ju kí kẹ̀kẹ́ méjì tàbí mẹ́ta yà fún ara wọn lọ. Odò Drau ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi rẹ̀ tutù bí omi inú fíríjì. Títì àwọn ọlọ́kọ̀ wà lọ́hùn-ún. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ni pé ọrùn mi ń yí sẹ́yìn ṣáá. Mo ń retí fèrè. Fún bíi kìlómítà mẹ́ta ni mo fi ń wẹ̀yìn, tí èjìká mi le bí igi. Fèrè kò dún. Agogo kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń dún, àti agogo ọrùn màlúù nínú pápá. Ìyá àgbà kan tí irun rẹ̀ funfun gbòò yà mí sílẹ̀, ó juwọ́ sí mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ kan tí kò lè ju ọdún méje lọ, òun náà yà mí sílẹ̀, kò tilẹ̀ wò mí. Ìyá ọmọ náà wà lẹ́yìn gan-an, kò sáré, kò pariwo "rọra o!" Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀. Mo ti rí òkè, mo ti rí yìnyín. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lórí kẹ̀kẹ́ tí kò sì bẹ̀rù, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Mo kọjá níbi tí wọ́n ti ń la pákó, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sílé láìbéèrè. Mo ré kọjá láti Italy sí Austria, pátákó kan ṣoṣo ló sọ fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ẹ bá mi ṣírò iye ibi tí wọn ìbá ti dá wa dúró. (Ẹ̀rín.) Ní Heinfels, mo bá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wafer Loacker létí ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n ń tà ní àwọn sọ́ọ̀bù ńlá Èkó. Ṣe ni àwọn èèyàn ń fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, wọ́n ń wọlé lọ ra bisikíìtì. Mo ra tèmi.

Ẹ gbọ́ ná, ibi tí mo ń lọ nìyí. Lẹ́yìn tí mo jẹ bisikíìtì tán, mo rí bàbá kan lórí katakata, ó gbé koríko gbígbẹ, ó ń bọ̀ wá pàdé wa lórí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yìí kan náà. Mo yà fún un, ó dúpẹ́. Mo bi àwọn tó wà nítòsí pé ṣé wọ́n gbà kí ọkọ̀ wọ ibí ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé ọ̀nà oko àwọn àgbẹ̀ ni ibẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ṣì ní ẹ̀tọ́ láti gbà á. Ohun tí ìjọba ṣe ni pé wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n fi pátákó sí i, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ tí kì í ṣe ti àgbẹ̀ má gbà á mọ́. Àwọn apá kan gba inú igbó, àwọn apá kan wọ́n kọ́ ọ ní tuntun, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà oko ni. Láti Toblach kan náà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ mìíràn tún wà tó yà lọ sí Cortina àti Calalzo. Ìyẹn gba orí ibi tí ojú irin kan wà tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n pa tì ní 1964. Irin lọ, ọ̀nà ṣẹ́ kù, wọ́n fi fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́.

Nítorí náà, Alága, kì í ṣe pé Ọlọ́run dá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ mọ́ àwọn òkè yẹn. Ọ̀nà oko ni, bíi tiwa.

Nígbà tí mo dé Lienz, mo jókòó sí ibùdókọ̀ rélùwéè, mo ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé mi padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìtìjú mú mi, mo fi fìlà bojú. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín báyìí, n kò sọ ọ́ ní gbangba rí.

Ẹ̀yin ará kíláàsì mi mọ ẹni tó ń jókòó sí ọwọ́ òsì mi ní SS1, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2003 ló kú. Gbogbo wa la lọ síbi ìsìnkú náà pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé, àwọn olùkọ́ wa tó wà níbí mìíràn ló kó wa lọ. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé lọ́rì tó kó gẹdú ló kọ lù ú lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tó ń bọ̀ nílé-ìwé, dírẹ́bà kò sì dúró. Òótọ́ ni. Kò pé.

Èmi àti òun la jọ ń bọ̀ láràárọ̀, òun lórí kẹ̀kẹ́ pupa tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un, èmi lórí Mọ́lúè. Láti ìhà ọ̀dọ̀ wa ní Ibido, ọ̀nà méjì ló wá sí ilé-ìwé. Ìkan ni títì. Ìkejì ni ọ̀nà oko tó gba abẹ́ igi obì, tó sọdá odò kékeré lórí pákó méjì, tó sì jáde sẹ́yìn ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé. Ọ̀nà oko la máa ń gbà. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ lórí títì, ó sì máa ń gbọ́ràn. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ náà, ọ̀nà oko ṣẹrẹ̀, a sì ti pẹ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹ bá pẹ́, tí olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá ti dúró sẹ́nu géètì tòun ti pàṣán. Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, n kò di ẹ̀bi kankan rù yín. Èmi ni mo sọ pé ká gba títì. Ó ní ìyá òun ò fẹ́. Mo ní ta ló máa sọ fún un? Mo tún pè é ní ọmọ màmá.

Èmi ni mo wà níwájú. Mo gbọ́ fèrè, mo yà sí koríko. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ pupa ti wà nínú gọ́tà. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, kò di alẹ́.

Láti ọjọ́ náà, n kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Bàbá mi gbé Mọ́lúè kọ́ sínú yàrá obì, kò bi mí ní nǹkan kan. Ọdún 16 kọjá kí n tó tún gbé ẹsẹ̀ lé kẹ̀kẹ́, ó wá jẹ́ ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Ohun tó pa mí lẹ́kún ní Lienz ni ọmọ ọdún méje yẹn, àti ìyá rẹ̀ tí kò pariwo.

Nígbà tí mo padà dé, iṣẹ́ mi ni láti máa wádìí, mo sì wádìí. Mo rò pé ọmọlúàbí ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí wọ́n fi ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Netherlands, níbi tí gbogbo ayé mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ pọ̀ sí jù. Ní 1971, jàǹbá ọkọ̀ pa èèyàn tó lé ní 3,000 níbẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo, ó sì lé ní 400 nínú wọn tó jẹ́ ọmọdé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ọmọbìnrin kékeré tó ń lọ sí ilé-ìwé, akọ̀ròyìn ni bàbá rẹ̀. Vic Langenhoff lorúkọ bàbá náà, ìwé ìròyìn De Tijd ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ní 1972, ó kọ àpilẹ̀kọ kan, ó pè é ní ohun tí a lè fi Yorùbá pè ní "Ẹ yéé pa ọmọdé." Ó ní kí àwọn òbí kó ara wọn jọ. Wọ́n kó ara wọn jọ lóòótọ́. Wọ́n jókòó sójú títì, wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, wọ́n bá ìjọba fa ọ̀rọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1973, epo rọ̀bì wọ́n gógó, ìjọba wọn sì ní kí ọkọ̀ má jáde lọ́jọ́ Sunday fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọdé bọ́ sí ojú títì márosẹ̀ tòun ti kẹ̀kẹ́ àti bàtà onítáyà. Àwọn òbí rí i pé ó ṣeé ṣe. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Mo ka ìtàn akọ̀ròyìn yẹn lórí ìjókòó kan, mo sì bi ara mi pé èmi tí mo jẹ́ akọ̀ròyìn fún ọdún tó ti ń lọ bí 14, kí ni mo kọ nípa ikú ọ̀rẹ́ mi? N kò kọ nǹkan kan. Mo ti kọ ìròyìn jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè kà á mọ́. "Ẹ̀mí ṣòfò," "ó dòwúrọ̀ kùtù," bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá ìyá rẹ̀. Ṣe ni mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Mà, èmi ni mo ní ká gba títì lọ́jọ́ yẹn." Ọdún 22 ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn rìn. Ìyá náà dákẹ́. Ó wá ní, "Ọmọ mi, mo ti mọ̀ látọjọ́ náà. Ẹni tí mo bí kì í dá gba títì. Dìde ńlẹ̀ o jàre." Ó bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Mo bi í bóyá mo lè sọ ọ̀rọ̀ náà níbí. Ó ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kí n má dárúkọ ọmọ òun, pé orúkọ náà ló kù tí òun kò tíì pín pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ń lọ, ó pè mí padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọ̀nà oko yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà?"

N kò lè dá a lóhùn. Mo gbà ibẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì láti lọ wò ó.

Ó ṣì wà. Mo fi fóònù wọn ọ́n, kò pé kìlómítà méjì. Igi obì ti dín kù, àwọn kan ti kọ́lé sí apá kan ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀. Àgbàrá ti gbẹ́ ibi mẹ́rin, ibi kejì ló burú jù. Pákó orí odò ti jẹrà, igi ọ̀pẹ kan ni wọ́n gbé dí i. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀ tí wọ́n bọ́ bàtà sọ́wọ́. Mo bi wọ́n bóyá àwọn tó kù ń gba ibẹ̀. Wọ́n ní rárá, títì ni ọ̀pọ̀ ń rìn. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023. Epo bẹntiróò tí kò tó ₦200 lítà kan ti ju ₦450 lọ kí oṣù náà tó parí, kò sì padà sílẹ̀ látìgbà náà. Owó ọ̀kadà tẹ̀ lé e. Torí náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin etí títì kan náà tí mo sọ fún yín yìí, ọkọ̀ sì ti pọ̀ ní ìlọ́po lórí rẹ̀ ju ti 2003 lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tí mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún, ní, "Ṣé kẹ̀kẹ́ ló wá kù tí ẹ fẹ́ dá wa padà sí? Ìṣẹ́ là ń sá fún." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali ní Rwanda ni wọ́n ti ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ tó ga jù lágbàáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wá sí Áfíríkà nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọmọ ọ̀hún gùn, owó ọ̀kan lè ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tókunbọ̀. Bí a bá ní kẹ̀kẹ́ jẹ́ ohun ìṣẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn.

Kigali yìí tilẹ̀ kọ́ mi ní ohun kan tí Alps kò lè kọ́ mi. Ní Austria, wọ́n ní kí ọkọ̀ má wọ ọ̀nà, ọkọ̀ kò wọ̀ ọ́. Bí a bá ri òpó mọ́lẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà oko wa, ọ̀kadà á gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ọ̀kadà ló ń gbé obì àti gbágùúdá àwọn àgbẹ̀ jáde. Kigali kò lé ọkọ̀ kúrò nílùú. Láti 2016 ni wọ́n ti ń ya àárọ̀ Sunday sọ́tọ̀ ní àwọn títì kan, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù níbẹ̀rẹ̀, ó wá di ẹ̀ẹ̀mejì. Fún wákàtí mélòó kan, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ni títì. Tí àkókò bá pé, ọkọ̀ á padà. Ìyẹn ni mo rò pé ó lè bá wa lára mu. Ká bá àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kadà sọ̀rọ̀, ká bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ọ̀nà oko náà jẹ́ ti àwọn ọmọ ilé-ìwé láti aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ láàárọ̀, àti láti aago méjì sí mẹ́ta ààbọ̀ lọ́sàn-án. Ìgbà yòókù, kí àwọn àgbẹ̀ máa lo ọ̀nà wọn. Mo ti bá méjì nínú àwọn ọlọ́kadà sọ ọ́. Ọ̀kan gbà kíá, ọmọ tirẹ̀ wà ní JSS2. Èkejì ní kí n kọ́kọ́ tún ọ̀nà ṣe ná kí n tó máa ṣòfin lé e lórí. Òun náà kò purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ̀yin lọ́yà tó wà láàárín wa. Mo ka ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, Àfikún kẹrin. Níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ni kó máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, bárò àti ọmọlanke ní láísẹ́ǹsì. Wọ́n tún kọ ọ́ níbẹ̀ pé àwọn ni kó máa ṣe ọ̀nà àti títì àdúgbò. Òfin mọ kẹ̀kẹ́ dunjú láti gba owó rẹ̀. Ẹ bá wa kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù, kí wọ́n mọ̀ ọ́n láti ṣe ọ̀nà fún un pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ wa ti ń kó owó jọ fún géètì tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí. Mo ti dá tèmi, n kò sì ní kí wọ́n dá a padà. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kàn bá mi wò ó bóyá géètì lè dúró dìgbà míràn. Ẹ̀ka owó yẹn lè ṣe afárá kékeré onísìmẹ́ńtì sórí odò náà, ó lè da òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi mẹ́rin tí àgbàrá gbẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó ṣẹ́ kù. Kò sẹ́ni tó máa rí orúkọ wa níbẹ̀, ẹ̀yìn ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ ló ṣáà ti jáde sí. (Ẹ̀rín.) Bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀, n kò ní bínú, ṣùgbọ́n n kò ní dákẹ́ náà.

Ìròkò tó wà níbi odò yẹn ni mo ní ká ti pàdé, ní Sátidé kejì oṣù kìíní, ní aago méje àárọ̀. Ẹ mú àdá, ẹ mú ọkọ́, ẹ wọ bàtà tó ga torí yèrèpè wà níbẹ̀. Ẹ̀yin káfíńtà méjì tí mo rí lẹ́yìn yẹn, ẹ má fojú sá fún mi, pákó àkọ́kọ́ tí a máa tẹ́ kí owó tó dé, ọwọ́ yín ló wà. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ní òun á gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá.

Mo gbé Mọ́lúè wá. Ó wà níta lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ti pààrọ̀ táyà rẹ̀ méjèèjì, mo ti fi epo sí ṣéènì. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún yí pápá ká lè gùn ún, ṣùgbọ́n búrékì iwájú kò mú dáadáa, ti ẹ̀yìn ni kí ẹ tẹ̀.